Ìdájọ́ CAS lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Essendon: ibo ló yẹ kí ìbínú olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kọjú sí?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àna mi ọkùnrin jẹ́ olólùfẹ́ Essendon paraku, àwa méjèèjì kì í sì í jókòó pọ̀ láìjẹ́ pé a tún gbé ìdájọ́ ọdún 2016 yẹn kalẹ̀. Òun ní kò sí àyẹ̀wò kankan tó bá oògùn lára àwọn ọmọ náà, pé ìgbìmọ̀ ti dá wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ìrẹ́jẹ gbáà ni kí wọ́n tún pe ẹni tó ti jàre lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ní tèmi gbà pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ti gba abẹ́rẹ́, kí ó jìyà rẹ̀. Ta ló jàre nínú wa? Kí ló sì fà á tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fi ń bínú sí àwọn adájọ́ ju àwọn tó gún àwọn ọmọ wọn lábẹ́rẹ́ lọ?

* * *

Àbúrò mi, àna rẹ kò jàre, ṣùgbọ́n ìwọ náà sáré kọjá ibi tó yẹ kí o rọra tẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Essendon, tí wọ́n ń pè ní Bombers, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìlú Melbourne tó lórúkọ jù lọ nínú ìdíje AFL, ìyẹn irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Ọsirélíà ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Ní sáà ọdún 2012, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì eré ìdárayá kan tó ń jẹ́ Stephen Dank ló ń darí ètò kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n fi ń gún àwọn agbábọ́ọ̀lù lábẹ́rẹ́ kí ara wọn lè máa tètè kọ́fẹ padà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2013, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ sọ fún AFL àti ASADA, àjọ ìjọba Ọsirélíà tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá nígbà náà, pé kí wọ́n wá wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, AFL ti bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2 dọ́là lé wọn, ó ti yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje àṣekágbá sáà náà, ó sì ti ní kí James Hird, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lọ jókòó sílé fún oṣù 12. Ìyà àìbójútó ẹgbẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹjọ́ oògùn.

Ẹjọ́ oògùn gan-an dá lé àwọn agbábọ́ọ̀lù 34. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ AFL dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2015, WADA tó jẹ́ àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá kò gbà, ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí CAS, ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá tí olú ilé rẹ̀ wà ní Switzerland. Sydney ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2016: gbogbo àwọn 34 jẹ̀bi lílo thymosin beta-4, èròjà tí òfin WADA kà léèwọ̀, ọdún méjì ni ìjìyà wọn, àkókò tí wọ́n sì ka mọ́ ọn láti ẹ̀yìn mú kí ó parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo sáà 2016 ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Méjìlá nínú wọn ṣì wà ní Essendon nígbà náà, márùn-ún ti lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn nínú AFL, àwọn yòókù sì ti fi ìdíje náà sílẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ pé kò sí àyẹ̀wò tó bá oògùn lára wọn, torí òun ni gbogbo olólùfẹ́ Essendon kọ́kọ́ máa ń nà síta.

Òtítọ́ ni pé kò sí àyẹ̀wò tó mú wọn. Ṣùgbọ́n thymosin beta-4 jẹ́ èròjà tí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà kò rí bí àwọn oògùn àtọwọ́dá tí a lè tọ́ka sí nínú ìtọ̀ pé èyí kì í ṣe ti ara. Òfin WADA kò sì fìgbà kan sọ pé àyẹ̀wò nìkan ni ẹ̀rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pa àkókò mọ́ láàárín abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò ni ì bá máa lọ láìjìyà. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ọkàn àwọn adájọ́ balẹ̀ dáadáa pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀ sí ti ẹjọ́ ọ̀daràn níbi tí iyèméjì kankan kò ti gbọdọ̀ ṣẹ́ kù, ó sì ga ju ti ẹjọ́ owó àti ilẹ̀ lọ.

Ibi tí ìgbìmọ̀ AFL àti CAS ti pínyà gan-an rèé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í dúró níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ AFL mú ẹ̀rí náà bí ẹ̀wọ̀n tí a so òrùka mọ́ òrùka: ṣé ohun tí wọ́n rà ní Ṣáínà ni thymosin beta-4, ṣé òun náà ló dé ọwọ́ ẹni tó po oògùn pọ̀, ṣé òun ló dé ọwọ́ Dank, ṣé òun sì ló wọ ara agbábọ́ọ̀lù? Nígbà tí ọkàn wọn kò balẹ̀ lórí òrùka kan, ẹ̀wọ̀n já, ẹjọ́ parí. Oníṣòwò tó rà á àti ẹni tó pò ó kò wá jẹ́rìí, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Victoria sì kọ̀ láti fi ipá mú wọn wá. Dank náà kò yọjú. CAS ní tirẹ̀ wò ó bí okùn tí a fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán lọ́ pọ̀, tí fọ́nrán kan bá tilẹ̀ gbó, àwọn yòókù ṣì lè gbé ẹrù náà. Wọ́n wo ìwé ìfọwọ́sí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ orúkọ Thymosin sí pé kí wọ́n máa gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n wo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí Dank fẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníròyìn kan ní ọdún 2013, níbi tí ó ti kọ́kọ́ dárúkọ thymosin beta-4, tí ó wá yí i padà sí thymomodulin, tí òfin kò kà léèwọ̀, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé èèwọ̀ ni ti àkọ́kọ́.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé okùn àti fọ́nrán jẹ́ ọgbọ́n àyínìke tí CAS dá sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹlẹ́bi. N kò gbà. Bí gbogbo adájọ́ ṣe ń wo ẹ̀rí tí ojú kò rí náà nìyẹn, wọn a kó o jọ, wọn a wò ó lápapọ̀. Ọ̀nà ìgbìmọ̀ AFL ló ṣàjèjì.

* * *

Pé wọ́n dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kò gba àkókò púpọ̀. AFL ti gba òfin WADA wọlé kí Dank tó dé Essendon, ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ WADA sì wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù jiyàn pé kò yẹ kí CAS bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ó yẹ kí ó kàn wò ó bóyá ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ṣi òfin lò; wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Switzerland, ilé-ẹjọ́ náà sì dà á nù ní oṣù kẹwàá ọdún 2016.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń pariwo pé ẹjọ́ ti pọ̀ jù kò pariwo nígbà tí Essendon àti Hird fúnra wọn gbé ASADA lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pé ìwádìí náà kò bófin mu. Adájọ́ Middleton dá wọn lẹ́bi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Hird pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún fìdí rẹmi ní oṣù kìíní ọdún 2015. Ìgbà yẹn, ẹjọ́ kò tíì pọ̀ jù.

* * *

Mo fẹ́ dúró pẹ́ lórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò, torí ibẹ̀ ni mo ti fi àwọn olólùfẹ́ Essendon sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka ìdájọ́ náà.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò bá wá gba ìtọ̀ agbábọ́ọ̀lù, kì í kàn gbé ike lọ. Wọ́n á jọ jókòó ti tábìlì, yóò fi nọ́ńbà ike han agbábọ́ọ̀lù kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó bá ti orí ìwé mu, lẹ́yìn náà yóò bi í pé àwọn oògùn wo, àwọn afúnniláfikún-okun wo ló ti lò ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Àyè wà lórí ìwé náà láti kọ wọ́n. Agbábọ́ọ̀lù yóò kọ ọ́, yóò sì fọwọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò nínú àwọn ọmọ Essendon ní àkókò tí ètò abẹ́rẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́ jókòó ti irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó dárúkọ Thymosin nínú wọn. CAS tẹ̀ mọ́ ọn gidigidi, mo sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbà lóòótọ́ pé ohun tí wọ́n ń gún ọ kò léèwọ̀, tí o ti fọwọ́ sí ìwé nítorí rẹ̀, kí ló dé tí o kò kọ orúkọ rẹ̀ níwájú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè?

Àwọn tó ń gbèjà wọn máa ń dáhùn pé ọmọdé ni wọ́n, pé ẹgbẹ́ sọ fún wọn pé ohun gbogbo wà ní ìbámu pẹ̀lú òfin WADA, pé àṣírí ẹgbẹ́ ni ètò náà jẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ gbọ́. N kò fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí n kò ní dárúkọ, ọkùnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ìdánrawò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó pè ní fítámì. Balógun ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nínú ìgò náà, kì í ṣe pé a kò ní ọgbọ́n, bí kò ṣe pé ẹni tó bá béèrè yóò dà bí ẹni tó ń pe balógun ní òmùgọ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìmúra. Àmọ́ èyí tí mo ń sọ kọ́ ni ìgbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́. Ìgbà tí àjèjì kan jókòó síwájú wọn, tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tààrà, ni mò ń sọ. Balógun kò sí lórí tábìlì yẹn.

Wọ́n sì lè kọ̀. David Zaharakis, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ náà, kò gba abẹ́rẹ́ kankan nítorí pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á, wọn kò sì lé e lọ. Dókítà ẹgbẹ́, Bruce Reid, ti kọ lẹ́tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012 pé ọkàn òun kò balẹ̀ sí ohun tó ń lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn. CAS kíyè sí i pé àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò kàn án.

* * *

Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn ńkọ́? Wọn kò sunwọ̀n jù wọ́n lọ. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìjókòó pápá kò bìkítà nípa thymosin. Ó ti kórìíra Essendon kí Dank tó débẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n lé ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìdíje pátápátá, bí ẹni pé ìtanràn mílíọ̀nù 2 àti sáà àṣekágbá tí wọ́n pàdánù kò sí rárá.

Sáà 2016 fi àwọn méjèèjì hàn. AFL gba Essendon láàyè láti fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá dí àyè tó ṣófo, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ryan Crowley, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìyà oṣù 12 tán nítorí methadone, oògùn apàrora tí òfin kà léèwọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá pa lẹ́rìn-ín, kí ó tún un kà. Wọ́n na Melbourne ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ìyẹn nǹkan yíwọ́: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n borí nínú 22, wọ́n sì wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì pátápátá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1933. Síbẹ̀ àwọn tó san owó ọmọ ẹgbẹ́ ní ọdún náà lé ní 50,000. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ìfẹ́ tó dúró nígbà tí kò sí èrè kò ṣe é yẹ̀yẹ́, bí ẹni tó ní i tilẹ̀ ń ka ìdájọ́ lódì.

* * *

Òǹkàwé mìíràn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé bí mo bá gbà pé ìdájọ́ náà tọ́, ó yẹ kí n gbà pé ìjìyà náà tọ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn jẹ̀bi, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe pín ìyà.

Ẹ wo Cronulla nínú ìdíje rọ́gbì NRL. Dank kan náà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2011. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ gba ìyà oṣù 12 tí wọ́n kà láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba oṣù mẹ́ta ló kù fún wọn. Àwọn ọmọ Essendon jà dé òpin, wọ́n sì pàdánù odidi sáà. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n fi ọwọ́ fà nìyẹn. Èmi wò ó pé agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ àti ìgbéraga ẹgbẹ́ ló fà á ju àwọn ọmọ náà lọ. Láti ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ ti ń sọ fún wọn pé kò sí ohun tí yóò ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ìyà ṣe rìn. Stewart Crameri ti wà ní Western Bulldogs nígbà tí ìdájọ́ jáde; ní ọdún náà gan-an ni Bulldogs gba ife ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1954, òun sì ń wò wọ́n láti ìta. Jobe Watson, balógun Essendon, dá ẹ̀bùn Brownlow, ti agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú AFL, tó gbà ní ọdún 2012 padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n sì gbé e fún Trent Cotchin àti Sam Mitchell. Hird, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, jókòó sílé fún oṣù 12, ó sì padà wá sídìí iṣẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2015. Dank gba ìfòfindè títí láé, àmọ́ kò sí pápá kankan tí wọ́n ti lè wò ó kí wọ́n hó lé e lórí. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tó gbé e tún ń sọ fún ẹni tó gbà á pé epo rírà ni.

Ẹ tún wo Juventus ní Ítálì, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ju Essendon lọ. Dókítà ẹgbẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Wọ́n dá a lẹ́bi ní ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 2005, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù kan tó jókòó sílé. Olólùfẹ́ tó bá fi Juventus ṣe àpẹẹrẹ pé wọ́n fìyà jẹ Essendon jù kò jiyàn lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ó máa béèrè ni pé kí wọ́n fi ìyà kún ti àwọn tó wà lókè, kì í ṣe pé kí CAS parọ́ fún wa nípa ohun tó wà nínú ìgò.

* * *

Nítorí náà, sí ibo ni kí ìbínú náà kọjú sí? Mo ti sọ pé adájọ́ kọ́. WADA náà kọ́, bí ó tilẹ̀ wù mí kí wọ́n yára ju bí wọ́n ṣe yára lọ. Láti ọdún 2012 sí 2016 jẹ́ ìdá tó pọ̀ nínú ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù.

Àkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kò sí ìwé kan ní Essendon tó sọ ní kíkún ẹni tí wọ́n gún, ọjọ́ tí wọ́n gún un, ìwọ̀n tí wọ́n fà sínú abẹ́rẹ́ àti orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé lé Ziggy Switkowski lọ́wọ́ ní ọdún 2013 sọ pé àyíká tí wọ́n ti ń dán oògùn wò ni, láìsí àbójútó tó yẹ, láìsí àkọsílẹ̀ tó yẹ. Àwọn olólùfẹ́ ń lo àìsí àkọsílẹ̀ yẹn láti gbèjà ẹgbẹ́: ẹ kò lè fi hàn pé thymosin beta-4 ni. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà kí ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi sí òun lára. Ẹgbẹ́ kò lè dá a lóhùn. Ohun kan náà tí àna rẹ fi ń dá ẹgbẹ́ láre ni ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ tí ẹnikẹ́ni lè fi kan ẹgbẹ́ náà.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ kì í sábà mẹ́nu kàn, bẹ́ẹ̀ oṣù kan náà pẹ̀lú ìdájọ́ CAS ni ó parí. Ilé-ẹjọ́ májísíréètì ní Melbourne ni, lábẹ́ òfin ààbò òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n sì bu 200,000 dọ́là ìtanràn lé Essendon nítorí pé kò pèsè ibi iṣẹ́ tí kò léwu fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò sí WADA níbẹ̀, kò sí Switzerland, kò sí àríyànjiyàn lórí okùn tàbí ẹ̀wọ̀n. Ẹgbẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn méjèèjì.